Ibi tí Ìmọ́lẹ̀ Balẹ̀ sí: Ìmọ́lẹ̀ àti Ipò Ọkàn nínú Àwòrán Etíkun, láti Ojú Ìlérò

Àṣamọ̀

Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ ṣàlàyé àwòrán etíkun, èdè àjèjì ni wọ́n sábà máa ń lò, bí ẹni pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe sí ọkàn ènìyàn. Àpilẹ̀kọ yìí jiyàn pé ọ̀rọ̀ náà wà, àti pé inú èdè ojoojúmọ́ ni ó wà: nínú *ìmọ́lẹ̀*, *ojú ọjọ́*, *ìfọ̀kànbalẹ̀* àti nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ń ṣàpèjúwe bí nǹkan ti rí. Ó fi ojú ọjọ́ Ìlérò ní Òkè-Ògùn, ìlú tí ó jìnnà sí òkun, ṣe ibùdúró ìwòye, ó sì ti ibẹ̀ wo iṣẹ́ Claude Monet, Caspar David Friedrich, James McNeill Whistler, Abiodun Olaku àti Yusuf Grillo. Àbájáde rẹ̀ ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ balẹ̀ sí ni ó ń fún àwòrán ní ipò ọkàn, ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá lọ.

Kókó ọ̀rọ̀: ìmọ́lẹ̀, ipò ọkàn, àwòrán etíkun, ọyẹ́, Ìlérò, ọ̀sà

Ìfáàrà

Ìlérò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, ní agbègbè Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ rẹ̀: koríko gíga, igi irúgbá, igi tí à ń rí òrí láti ara èso rẹ̀, òkè àpáta tí ó dá dúró láàárín pápá, àti ọ̀nà tí eruku rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fojú kan òkun láti ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rin ìrìn tí ó ju 150 kìlómítà lọ sí ìhà gúúsù kí ó tó dé etí omi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí òǹkàwé bèèrè ni pé kí ni ìlú bẹ́ẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú àwòrán etíkun?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwòrán etíkun kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi nìkan. Bí a bá yọ ọkọ̀, igi àgbọn àti apẹja kúrò nínú rẹ̀, ohun tí yóò ṣẹ́ kù ni ojú ọ̀run, ojú omi, àti ìmọ́lẹ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ohun mẹ́ta yìí ni ayàwòrán fi ń dá ìbànújẹ́, ìrètí, ìdánìkanwà tàbí àlàáfíà sílẹ̀ lórí kánfáásì. Kò sì sí ibi tí wọn kò ti mọ ìmọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá jí ní ìdájí ní Ìlérò, tí ó gbójú sókè láti mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀, ti ń ka ojú ọ̀run fún ipò rẹ̀. Iṣẹ́ kíkà yìí kan náà ni olùwo àwòrán ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹ̀kọ́ Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ lórí àwòrán ní èdè Yorùbá sábà máa ń bá ara rẹ̀ nínú ìṣòro kan: ó lè sọ ẹni tí ó wà nínú àwòrán, ó lè sọ ìtàn tí àwòrán ń pa, ṣùgbọ́n bí ó bá kan ìmọ́lẹ̀ àti ipò ọkàn, yóò yá ọ̀rọ̀ òyìnbó lò tàbí kí ó fo ibẹ̀ dá. Bí a bá sì fò ó dá, ìdajì iṣẹ́ ayàwòrán ni a fò dá.

Ọ̀rọ̀ tí ó ní ilẹ̀ nínú

Ibi tí ó yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. *Ìmọ́lẹ̀* jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara *ì*, *mọ́* àti *ilẹ̀*. Bí ojúmọ́ bá mọ́, Yorùbá a ní *ilẹ̀ mọ́*. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọn a ní *ilẹ̀ ṣú*. Oòrùn ni ó yọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni gbólóhùn náà sọ pé ó mọ́. Nínú ìrònú tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, orí ohun tí ó gba ìmọ́lẹ̀ ni a ti ń mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ wà.

Òtítọ́ yìí gan-an ni ayàwòrán ń bá pàdé nígbà tí ó bá ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà. Kò sí ọ̀dà tí ó ní iná nínú. Ọ̀dà funfun tí ó funfun jù lọ kò lè mọ́lẹ̀ tó oòrùn, kò tilẹ̀ lè mọ́lẹ̀ tó ojú ọ̀run ọ̀sán. Ohun tí ayàwòrán lè ṣe ni kí ó mú ohun tí ó yí i ká ṣókùnkùn, kí funfun náà lè tàn. Kò lè kun ìmọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí ó mọ́ nìkan ni ó lè kùn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni *ojú*. Ojú ni a fi ń ríran, ojú náà sì ni ibi tí inú ènìyàn ti ń hàn síta. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ a fa ojú ro. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ a tú ká. Yorùbá fún àgbáyé náà ní ojú: *ojú ọjọ́*, *ojú ọ̀run*, *ojú omi*, *ojú ilẹ̀*, *ojúmọ́*. Wọ́n tún fún omi ní etí, nítorí *etí òkun* ni a sọ di *etíkun*. Àwòrán etíkun, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, jẹ́ ibi tí ojú ọ̀run, ojú omi àti etí òkun ti pàdé. Bí àwọn àgbà bá sì ti ní *ojú lọ̀rọ̀ wà*, kò yani lẹ́nu pé ojú ọjọ́ lè fi inú hàn gẹ́gẹ́ bí ojú ènìyàn ti ń fi í hàn. *Ojú ọjọ́ ṣú* kì í ṣe ìròyìn òjò nìkan. Ẹni tí ó sọ ọ́ mọ̀ pé ara àwọn tó wà nínú ilé pàápàá ti yí padà.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni *ìfọ̀kànbalẹ̀*. Ọkàn tí ó wà ní àlàáfíà ni ọkàn tí ó *balẹ̀*. Èyí tí kò sí ní àlàáfíà kò balẹ̀. Ilẹ̀ tí ó wà nínú *ìmọ́lẹ̀* ni ó tún wà nínú *ìfọ̀kànbalẹ̀*. Ìmọ́lẹ̀ ń wá ibi tí yóò bà lé, ọkàn náà ń wá ibi tí yóò bà sí. Níhìn-ín ni etíkun ti di ọ̀rọ̀ tí ó le, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti parí. Omi gba ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò dì í mú. Ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó dá a padà, ó sì ń mì. Ìdí nìyí tí àwòrán etíkun fi lè gbé ọkàn sókè tàbí kí ó mú un gbọ̀n, láìjẹ́ pé ènìyàn kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀.

Ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ kẹrin ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ń ṣàpèjúwe. Iná ń tàn *yòò*. Omi ń dán *yinrinyinrin*. Àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ ń jó *bàìbàì*. Òkùnkùn ṣú *biribiri*. Ìkùukùu ṣú *dẹ̀dẹ̀*. Mànàmáná a kọ *mànà*. Bí a bá fetí sí ìhun wọn, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń wo àwòrán. *Yòò* jẹ́ ìró kan tí a fà gùn, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ṣàpèjúwe sì jẹ́ èyí tí kò já. *Yinrinyinrin* jẹ́ ìró tí a pè lẹ́ẹ̀mejì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ń já tí ń so. Ayàwòrán tí ó fẹ́ kun *yòò* yóò fa ọ̀dà rẹ̀ lọ láìdá ọwọ́ dúró. Èyí tí ó fẹ́ kun *yinrinyinrin* gbọ́dọ̀ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kan kánfáásì díẹ̀díẹ̀, kí àlàfo wà láàárín ìkàn kan àti èkejì. Ohun tí ahọ́n ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ni ọwọ́ ń ṣe nínú ọ̀dà.

Ọyẹ́ Òkè-Ògùn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìwòye

Láàárín oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejì, ọyẹ́ a máa fẹ́ wá sí Òkè-Ògùn láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Eruku kíkúnná ni ó ń gbé wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti kòtò ńlá Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ẹni tí ó bá dúró ní Ìlérò ní òwúrọ̀ ọyẹ́ yóò rí i pé òkè tí ó wà nítòsí ní àwọ̀ rẹ̀ pípé, èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣì díẹ̀, èyí tí ó jìnnà jù lọ sì ti di òjìji funfun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú ọ̀run dọ́gba. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọmọ Ìlérò pé ohun tí ó ṣì ni ó jìnnà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwòrán lè gbà fi ìjìnnà hàn. Àkọ́kọ́ ni ti ìlà: ọ̀nà a máa fún bí ó ti ń lọ, ilé a máa kéré. Ẹ̀kọ́ yìí ni Aina Onabolu (1882–1963), ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí ó jẹ́ aṣíwájú nínú kíkọ́ni ní iṣẹ́ àwòrán ní Nàìjíríà, tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀kọ́ náà pè é. Èkejì ni ti afẹ́fẹ́: ohun tí ó jìnnà a máa pàdánù àwọ̀ rẹ̀ àti ìyàtọ̀ láàárín ibi tí ó mọ́lẹ̀ àti ibi tí ó ṣókùnkùn. Leonardo da Vinci (1452–1519) kọ nípa rẹ̀ ní Ítálì. Etíkun kò fi bẹ́ẹ̀ ní ilé tàbí ọ̀nà tí ìlà lè bá ṣiṣẹ́. Nítorí náà ọ̀nà kejì yìí ni ayàwòrán etíkun gbára lé.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1871, Rayleigh fi hàn pé àwọn ẹ̀yà afẹ́fẹ́ tí ó kéré jọjọ máa ń tú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ká ju pupa lọ. Ìdí nìyí tí ojú ọ̀run fi rí bí ó ti rí lọ́sàn-án, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì fi ń pọ́n: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti gba inú afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá, aró ti túká lọ́nà, pupa ni ó kù. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ àti ẹ̀kán omi inú kùrukùru tóbi ju ẹ̀yà afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Wọ́n ń tú gbogbo àwọ̀ ká bákan náà, nítorí náà funfun tàbí eérú ni wọ́n ń sọ ojú ọjọ́ dà. Eruku Ìlérò àti kùrukùru etíkun jẹ́ ohun méjì tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà sí ojú. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ipò ọkàn: ọyẹ́ gbẹ, ètè ń bẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ le, kùrukùru tutù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀.

Etíkun Èkó: òkun àti ọ̀sà

Etíkun Èkó kọjú sí gúúsù. Ẹni tí ó dúró lórí iyanrìn tí ó kọjú sí òkun ní ìlà-oòrùn ní ọwọ́ òsì, lápá Lẹ́kkí, ó sì ní ìwọ̀-oòrùn ní ọwọ́ ọ̀tún, lápá Àgbádárìgì. Ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, oòrùn Èkó kì í yọ láti àárín òkun, bẹ́ẹ̀ ni kì í wọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ etíkun ni ó ń gbà. Ní oṣù Kejìlá ó yà díẹ̀ sórí omi. Ní oṣù Kẹfà ó ń wọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé àwòrán tí ó fi oòrùn ńlá sí àárín gbùngbùn òkun Èkó lè jẹ́ èyí tí a kó láti inú àwòrán ilẹ̀ mìíràn. Ìmọ́lẹ̀ Èkó gan-an jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́: ní ìrọ̀lẹ́, òjìji igi àgbọn a máa nà gbalaja lórí iyanrìn, ipa ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan a ní òkùnkùn tirẹ̀, ìgbì kọ̀ọ̀kan a sì ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ó mọ́ àti ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ṣú.

Ní ọ̀sán gangan, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Oòrùn wà lókè orí, òjìji ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ lọ, iyanrìn funfun báláú. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ohun tí ó hàn dáadáa. Ayàwòrán tí ń wá ipò ọkàn kò sábà rí i nínú irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Ìdájí, ìrọ̀lẹ́ tàbí àkókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni ó ń dúró dè.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Èkó kì í pẹ́. Nítorí pé Èkó súnmọ́ agbedeméjì ayé, oòrùn ibẹ̀ ń já lulẹ̀ bí ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, kò rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ti Yúróòpù. Láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, wíríwírí alẹ́ ti di òkùnkùn. Ayàwòrán ilẹ̀ Faransé lè jókòó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí ìmọ́lẹ̀ alẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ti Èkó gbọ́dọ̀ fi ojú kó o, kí ó lọ fi ìrántí kùn ún. Ìyára yìí pàápàá jẹ́ ipò ọkàn: ohun tí ó lẹ́wà tí kò ní dúró.

Yorùbá tún ya *òkun* sọ́tọ̀ kúrò lára *ọ̀sà*, ìyàtọ̀ náà sì wúlò fún ìwòye. Òkun ń ru, ìgbì rẹ̀ ń fọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bà lé e di *yinrinyinrin* lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sà wà lẹ́yìn ilẹ̀ tó dí ìgbì lọ́nà. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, ojú rẹ̀ a tẹ́jú bí dígí. Omi tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ olùwò a jẹ́ kí ojú wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó jìnnà, tí ojú ń wò ní ẹ̀gbẹ́, a máa dá ojú ọ̀run padà. Ará Òkè-Ògùn tí ó bá ti gun òkè Àdó-Àwáyè dé ibi adágún omi Ìyákẹ́ ti rí i: létí omi ó ṣókùnkùn, ní ọ̀ọ́kán ó gba àwọ̀ sánmà. Àwòrán ọ̀sà jẹ́ àwòrán ojú ọ̀run méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nílẹ̀. Nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rí ibi bà lé, ọkàn náà sì balẹ̀. Nínú àwòrán òkun, ó máa ń ṣòro kí ó balẹ̀.

Oòrùn tí kò mọ́lẹ̀ ju ojú ọ̀run lọ

Àpẹẹrẹ tí ayé mọ̀ jù lọ nípa kùrukùru etíkun ni àwòrán tí Claude Monet (1840–1926) kùn ní ọdún 1872 ní èbúté Le Havre, tí ó pè ní *Impression, soleil levant*. Nígbà tí a pàtẹ rẹ̀ ní Paris ní ọdún 1874, alámèyítọ́ kan, Louis Leroy, fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ yẹn ni ó di orúkọ ọ̀wọ́ ayàwòrán Impressionism. Ilé ìpamọ́ Marmottan Monet ní Paris ni àwòrán náà wà. Kò tóbi: ó fẹ̀ tó nǹkan bí 63 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ga tó 48. Òwúrọ̀ ni, èbúté wà nínú kùrukùru aláwọ̀ eérú àti aró, ọkọ̀ kékeré méjì mẹ́ta ń lọ, oòrùn kan sì wà tí ó pọ́n bí ọsàn, pẹ̀lú ìkàn búrọ́ọ̀ṣì díẹ̀ tí ó pọ́n bákan náà lójú omi.

Margaret Livingstone, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìríran ní Yunifásítì Harvard, ṣàlàyé ohun ìyanu kan nípa oòrùn yìí. Bí a bá yọ àwọ̀ kúrò lára àwòrán náà, kí ó ku dúdú àti funfun nìkan, oòrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, nítorí pé kò mọ́lẹ̀ ju ojú ọ̀run tí ó yí i ká lọ. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó fi yàtọ̀. Ìdí nìyí tí oòrùn náà fi ń dà bí ohun tí ń mì: apá ọpọlọ tí ń rí àwọ̀ rí i, apá tí ń mọ ibi tí nǹkan wà nípa ìmọ́lẹ̀ kò rí i dáadáa.

Ará Ìlérò kò nílò yunifásítì láti mọ oòrùn yìí. Oòrùn òwúrọ̀ ọyẹ́ ni. Ó pọ́n, ó rí roboto, ojú lè wò ó láìṣẹ́jú, kò sì rán ìtànṣán kankan. A rí i, ṣùgbọ́n kò tíì *mọ́ ilẹ̀*. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ṣe àlàyé kan tí ó rọrùn: nínú àwòrán Monet, oòrùn ti yọ, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ipò ọkàn rẹ̀ wà nínú àlàfo tí ó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì yẹn, ìrètí tí kò tíì dé orí ilẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni iṣẹ́ Caspar David Friedrich (1774–1840) ti Jámánì, tí a kùn láàárín ọdún 1808 sí 1810, tí ó wà ní Alte Nationalgalerie ní Berlin. Ẹ̀sìn kan ṣoṣo, ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí ó wọ aṣọ dúdú, dúró létí òkun. Òkun ṣú, ojú ọ̀run sì gba èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwòrán náà. Ìwádìí tí a fi ẹ̀rọ ṣe fi hàn pé Friedrich ti kọ́kọ́ ya ọkọ̀ sójú omi, kí ó tó pa wọ́n rẹ́. Ọkọ̀ ni ibi tí ojú ìbá bà lé. Nígbà tí ó mú un kúrò, ojú olùwò ń rìn kiri lórí omi láìrí ìsinmi, ọkàn rẹ̀ náà kò sì balẹ̀. Ohun tí ayàwòrán yọ kúrò lè dá ipò ọkàn sílẹ̀ bí ohun tí ó fi síbẹ̀.

Òru lójú omi

Nínú àwọn ọdún 1870, James McNeill Whistler (1834–1903), ará Amẹ́ríkà tí ó ń gbé ní London, bẹ̀rẹ̀ sí í kun òru lójú odò Thames, odò tí omi òkun ń wọ̀ tí ó sì ń jáde. Ó pò ọ̀dà rẹ̀ kí ó ṣàn bí omi, ó sì fi ìrántí ṣiṣẹ́. Ó fi orúkọ orin pe àwọn àwòrán náà, *Nocturne*, gẹ́gẹ́ bí Frederick Leyland ti dámọ̀ràn fún un. Orin kì í sọ ìtàn kó tó mú ọkàn yí padà. Ohun tí Whistler fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ṣe náà nìyẹn.

Ní Èkó, ẹni tí ó ti fi òru àti àṣálẹ́ ṣe ọ̀nà tirẹ̀ ni Abiodun Olaku, tí a bí ní ọdún 1958, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yaba College of Technology, tí ó sì wà lára àwọn tó dá Universal Studios of Art sílẹ̀ ní Iganmu. Abúlé orí omi, bíi Mákòkó, wà lára ohun tí ó ń kùn: ilé orí òpó, ọkọ̀ ìtùkọ̀, èéfín, àti iná kéékèèké nínú òkùnkùn. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, òkùnkùn kì í ṣe *biribiri*. Ó ní ìpele: ojú ọ̀run ṣú, ilé ṣú jù ú lọ, ọkọ̀ tún ṣú ju ilé lọ. Láàárín wọn ni iná fìtílà kan ti ń tàn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dúró nínú ilé. Ó já sí ojú omi, ó sì gùn bí ọ̀pá, nítorí pé ìgbì kéékèèké kọ̀ọ̀kan yí apá kan ara rẹ̀ sí iná náà. Iná tí ó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ti fi ojú omi ṣe ilẹ̀.

Àwọ̀ òru yìí mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Yusuf Grillo (1934–2021), ọmọ bíbí Èkó, ọmọ ẹgbẹ́ Zaria Art Society, tí ó darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe àwòrán etíkun ni ó fi gbajúmọ̀, bí kò ṣe àwòrán ènìyàn; ṣùgbọ́n àwọ̀ aró rẹ̀ ti kọ́ ojú àwọn ará Èkó bí a ti ń rí ìmọ́lẹ̀ tútù. Àwọn onímọ̀ bíi Moyo Okediji àti Bolaji Campbell ti ṣàlàyé pé *funfun*, *pupa* àti *dúdú* ní Yorùbá jẹ́ orúkọ agbo àwọ̀, kì í ṣe ti àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti pé ìtutù àti ìgbóná so mọ́ wọn. Aró wà nínú agbo dúdú. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: *ẹtù* jẹ́ aṣọ tí a rẹ sínú aró títí ó fi ṣú, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́ sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá mọ ẹtù ti mọ ọ̀sà lóru: òkùnkùn tí ó jinlẹ̀, ìlà ìmọ́lẹ̀ tí kò pọ̀. Aṣọ àgbà ni ẹtù, ipò ọkàn rẹ̀ sì ni ìfarabalẹ̀. Òkùnkùn Yorùbá kì í ṣe ìbànújẹ́ nígbà gbogbo.

Ohun tí ẹwà lè fi pamọ́

Bí ìmọ́lẹ̀ bá lè tu ọkàn lára, ó lè tàn án jẹ pẹ̀lú. Iná fìtílà tí ó lẹ́wà lójú ọ̀sà jẹ́ àmì pé kò sí iná mànàmáná ní ilé náà. Èéfín tí ó mú kí òkè ọ̀run rọ̀ jẹ́ èéfín ẹja yíyan tí ń pọ́n ojú obìnrin. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó apá kan nínú Mákòkó. Àwọn ènìyàn tí ilé wọn wó kò gbé nínú àwọ̀ aró. Alámèyítọ́ tí ó bá sọ pé àwòrán Mákòkó "mú ọkàn balẹ̀" gbọ́dọ̀ bèèrè pé ọkàn ta ni.

Síbẹ̀, àwòrán tún ń pa ìmọ́lẹ̀ mọ́. Etíkun Bar Beach ní Victoria Island, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ti máa ń wo ìgbì, ti di ohun ìrántí: òkun jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ti da iyanrìn sí òkun níwájú rẹ̀ láti kọ́ Eko Atlantic. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ti máa ń bà lé omi ti di ilẹ̀ tí a ń kọ́ ilé sí. Àwòrán tí a kùn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ di ẹ̀rí, kì í ṣe ti iyanrìn nìkan, ti bí ojú ọjọ́ ṣe rí níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ayàwòrán náà ní ìdí kan náà láti padà sí etí omi kan náà.

Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé tí ó ti ṣáájú fi hàn pé ìbéèrè mẹ́rin ni olùwo àwòrán etíkun lè fi Yorùbá bèèrè. Èkíní, níbo ni ìmọ́lẹ̀ balẹ̀ sí: iyanrìn, omi, kùrukùru, tàbí ara ènìyàn? Èkejì, ṣé ó dúró *yòò*, ṣé ó fọ́ *yinrinyinrin*, àbí *bàìbàì* ni? Ẹ̀kẹta, ibo ni ojú lè bà lé kí ọkàn tó balẹ̀, bí kò bá sì sí ibẹ̀, ta ni ó mú un kúrò? Ẹ̀kẹrin, kí ni ìmọ́lẹ̀ náà fi hàn, kí ni ó sì bò?

Kò sí ọ̀kan nínú ìbéèrè wọ̀nyí tí ó nílò ọ̀rọ̀ àyálò. Àgbẹ̀ Ìlérò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí ó ń wo oòrùn pupa tí kò tíì mọ́ ilẹ̀, ní gbogbo wọn lẹ́nu. Ohun tí ó kù fún ẹ̀kọ́ Yorùbá ni kí ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, kí ó gbé e lọ síwájú kánfáásì.